Ẹ̀wù Ẹ̀ṣọ́ Igbó

Ẹ má gbọ́ tẹni tó bá sọ fún yín pé ìbínú máa ń gbó. Aṣọ ló ń gbó. Ìyá Tíṣà tí ìtàn yìí dá lé lórí mọ aṣọ tó gbó dáadáa, nítorí télọ̀ ni, àtúnṣe ló sì fi gbajúmọ̀ ju aṣọ tuntun lọ. Bí ṣòkòtò bá há ọkọ ìyàwó nídìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí ẹni tó ṣàìsàn bá rù tí ẹ̀wù wá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni. Ó lè jókòó sídìí máṣìnnì kí ó wo ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sì ti mọ ibi tí aṣọ ti ń ni ín lára. Ṣùgbọ́n ìbínú kan wà tí òun alára ti wọ̀ láti kékeré. Kò ya, kò ṣá, kò sì fún un rí.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kọjú sí òpópónà. Máṣìnnì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀kan oníná. Èyí oníná yẹn, àlejò ni. Ìgbà tó bá wu àwọn oníná ló ń ṣiṣẹ́. Dígí gígùn kan wà lára ògiri tó ti là láti ìsàlẹ̀ dé àárín, tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀ ló ń ní orúnkún mẹ́ta. Aṣọ àwọn oníbàárà ń rọ̀ lókè lórí okùn. Yàrá ẹ̀yìn ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ọmọ yìí ni tíṣà tí wọ́n fi ń pe ìyá. Baba ọmọ náà ti kú tipẹ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo ìlú: epo. Igbó ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú tí ìjọba ti fi ọgbà yí ká láti ìgbà pípẹ́. Igbó ìpamọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣẹ́gi níbẹ̀, kò gbọdọ̀ pa ẹran, ká má tíì sọ pé kí ó dáko. Àfi bí wọ́n ṣe ní epo rọ̀bì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tọ ìjọba lọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbẹ́ ẹ. Ìjọba kò fẹ́ dá ẹ̀bi rẹ̀ rù, wọ́n bá ní kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn níwájú ìgbìmọ̀ kí àwọn tó fọwọ́ sí i.

Ẹ wá wo àríyànjiyàn ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Tíṣà. Bí oníbàárà kan bá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí àwọn ọmọ lè ríṣẹ́ ṣe, ìkejì á ní inú igbó yẹn ni omi tí gbogbo wa ń mu ti ń ṣàn wá, ṣé epo ni ẹ fẹ́ máa fi bọ́jú ni? Ìkẹta á ní ẹranko tí ẹ̀ ń dáàbò bò láti ọjọ́ yìí, èwo nínú wọn ló kí yín lójú ọ̀nà rí. Ìyá Tíṣà kì í dá sí i. Píìnì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀, ta ló sì máa bi ẹni tó fi ètè há píìnì léèrè ọ̀rọ̀? Ọmọ rẹ̀ ni aṣáájú àwọn tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan igbó. Òun ló ń ti ojúlé dé ojúlé, òun ló ń kó àwọn òbí jọ lẹ́yìn iléèwé. Ìyá rẹ̀ bá a rán aṣọ gbàgàdà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ ló ṣe rán an, kì í ṣe nítorí igi. Ní tirẹ̀, igbó tí wọ́n torí rẹ̀ pa baba òun, bó bá wù wọ́n, kí wọ́n dáná sun ún.

Olóyin ni wọ́n ń pe baba rẹ̀. Kí ọgbà tó dé ni ìdílé wọn ti ń kó oyin nínú igbó yẹn. Nígbà tí ọgbà dé, Olóyin kò rí ìdí tí òun fi ní láti jáwọ́. Ó ń rọra wọlé, ó ń rọra jáde. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó bá rí i, wọ́n á gbójú sápá ibòmíràn, nítorí ó máa ń bù fún wọn. Ọ̀gá wọn nìkan ni kì í gbà. Ọ̀gá yìí ni ìlú sọ ní Kòsáyè, nítorí bí o bá dé ẹnu géètì igbó, ìbáà jẹ́ ewúrẹ́ rẹ ló sá wọlé, ìbáà jẹ́ ọmọ rẹ, èsì kan náà ni wàá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé kò sáyè.

Lọ́jọ́ kan, Kòsáyè mú Olóyin pẹ̀lú garawa oyin. Ó lè mú un lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, ó gbé garawa lé e lórí, ó sì mú un gba àárín ìlú kọjá lọ́sàn-án gangan, ó ń pariwo pé olè rèé, ẹ wá wo olè. Ọmọ rẹ̀, Ìyá Tíṣà òní yìí, ń ti iléèwé bọ̀, ó ṣì kéré. Kò rí baba rẹ̀ láìwọ ẹ̀wù rí. Ó rí egungun ìhà rẹ̀, ó rí oyin tó ń kán sí i léjìká pẹ̀lú eṣinṣin lórí rẹ̀. Olóyin náà rí ọmọ, ó sì gbójú kúrò bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ Olóyin kò tà mọ́ nínú ìlú. Ohunkóhun tí ó bá ní òun rí, ohunkóhun tí ó bá ní òun gbọ́, ẹnìkan á ti ní, “Ẹ gbọ́, olè oyin ń sọ̀rọ̀,” ẹ̀rín á sì ta. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Nígbà tó tún yá, kò jáde nílé mọ́. Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti sin ín. Àwọn dókítà ní ibà ni. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ìtìjú ni, ó sì mọ ẹni tó kó o bá a. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Gbogbo ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́, ìgbà tó lọ́kọ, ìgbà tó bímọ, ìgbà tó di opó, ó mọ ilé tí Kòsáyè ń gbé, kò sì gba àdúgbò náà kọjá rí. Kò sì sọ ìtàn náà fún ọmọ rẹ̀. Ó ní bàbá rẹ àgbà kó oyin, ibà pa á, ó tán.

Àfi bí ọmọ ṣe mú Kòsáyè wọ ṣọ́ọ̀bù wá fúnra rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Tíṣà wọlé, ó ń yọ̀, ó ní, “Màámi, mo mú àlejò wá o.” Bàbá kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti tẹ̀, ó gbé báàgì ọ̀rá kan dání. Tíṣà ṣàlàyé. Ó ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n máa gbẹ́lẹ̀ epo nínú igbó yẹn. Wọ́n ti gbẹ́ kànga ìdánwò kan rí ní apá ọ̀hún, ní ìkọ̀kọ̀, ó ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ ń sọ pé irọ́ ni. Gbogbo àwọn tó fojú rí i ló ti kú tán, àfi bàbá yìí, tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ nígbà náà. Bí ó bá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀, ọwọ́ ti ba iléeṣẹ́. Bí kò bá jẹ́rìí, wọn kò ní nǹkan kan. Ó fẹ́ wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣiyèméjì pé òun ni, ṣùgbọ́n aṣọ náà ti tóbi jù fún un. Kí Màámi bá wọn gba ẹ̀wù àti ṣòkòtò náà wọlé kí ó lè bá ara rẹ̀ mu.

Ìyá Tíṣà kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó ń wo àlejò. Ó ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà bí ọjọ́ yìí ṣe máa rí, nínú èrò rẹ̀ kì í sì í ṣe arúgbó ni Kòsáyè máa ń jẹ́. Inú bí i pé ó darúgbó. Ó dà bí pé ó sá fún òun.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Tíṣà,” ni bàbá náà wí.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ wọ̀ ọ́ kí n rí i.”

Tíṣà padà síléèwé. Kòsáyè wọ ẹ̀wù kákí náà síwájú dígí. Òun ni. Ẹ̀wù alápò méjì láyà, tó ní àmì ipò lára èjìká, òun gan-an ló wọ̀ lọ́jọ́ tó bọ́ ẹ̀wù ẹlòmíràn. Ìyá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fi píìnì mú un láti abẹ́ apá. Ó gún un ní ìhà. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá.” Ó tún gún un ní ìhà kejì. Ó ní, “Ẹ máà bínú o, ojú ti ń ṣe mí bákan.” Ojú rẹ̀ kò ṣe é bákankan. Bàbá náà kò pariwo. Inú dígí ló ti ń wò ó, ó ń wò ó ṣáá, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìyá Tíṣà ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìgbéraga náà ṣì wà níbẹ̀, kò tíì rù bí ara.

Nígbà tó ń bọ́ ẹ̀wù náà, bàbá yìí ní, “Ẹ̀yin náà á wá síbi ìpàdé, àbí? Mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀.”

“Kò sóhun tó lè dá mi dúró, Bàbá.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń gba aṣọ wọlé. Wọ́n á kọ́kọ́ tú ojú rírán àtijọ́ palẹ̀. Wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rán an ní ìrán tó jìnnà síra, kí oníbàárà lè gbé e wọ̀ wò. Èyí ni àwọn télọ̀ ń pè ní tákì. Tákì kì í ṣe ìránṣọ. Ó ń di aṣọ mú títí máṣìnnì á fi gùn ún ni, lẹ́yìn náà wọ́n á fa òwú tákì jáde, wọ́n á sọ ọ́ nù. Ọmọ télọ̀ kì í tíì mọ ìwé kà tí á ti mọ òwú tákì fà.

Ìyá Tíṣà tú ẹ̀wù Kòsáyè palẹ̀ pátá: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èjìká, apá, àárín ẹ̀yìn tí kò tilẹ̀ nílò títú. Ó fi tákì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó gbé e sórí máṣìnnì. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, kò tẹ̀ ẹ́. Kò sí Èṣù kankan tó wá bá a sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ Èṣù. Ohun tó ń rò ni pé baba òun kò lẹ́wù lọ́rùn lójú gbogbo ìlú, àti pé gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ó gbé ẹ̀wù náà kúrò lórí máṣìnnì. Ó fi sítáàṣì sí i, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi le gbagidi, tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ pé kò sóhun tó dì í mú nínú. Ṣòkòtò, ó rán an dáadáa, ó fi máṣìnnì gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ṣòkòtò wà nídìí baba rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà mọ òdiwọ̀n.

Ṣé ó rántí ọmọ rẹ̀? Ó rántí. Ó ní ẹ̀wù á kàn ya, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹnìkan á yá a ní kóòtù, á sì máa bá ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí òun fẹ́ ò ju ẹ̀rín yẹn lọ. Ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Gbọ̀ngàn iléèwé ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Ó kún débi pé àwọn kan ń yọjú láti fèrèsé. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó síwájú, alága wọn sì jẹ́ ọkùnrin kan tí ooru ń mú, tó ń wo aago ògiri ṣáá. Agbẹnusọ iléeṣẹ́ ló kọ́kọ́ dìde. Kóòtù rẹ̀ dára, àmọ́ apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ, ẹni tó rán an fún un kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó sọ̀rọ̀ tó dùn. Ó ní ihò tí àwọn fẹ́ gbẹ́ kò fẹ̀ ju ẹnu kànga ilé lọ, igbó kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ó ní iṣẹ́ á wà, ọ̀nà á wà, iná á wà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbẹ́lẹ̀ epo nínú igbó yẹn rí, nítorí náà ẹni tó bá ní òun mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àlá ló lá. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Tíṣà dìde, ó ní àwọn ní ẹlẹ́rìí kan, ó sì pe bàbá.

Kòsáyè wọlé pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tó le gbagidi. Kódà àwọn tó kórìíra rẹ̀ mọ̀ pé ó rí bí ọ̀gá. Ìyá Tíṣà wà ní ìlà kejì, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ itan.

“Irọ́ ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń pa,” ni Kòsáyè wí. “Wọ́n ti gbẹ́ ẹ rí. Èmi ni mo ṣí géètì fún wọn. Epo tú sínú odò, ó sì pa ohun gbogbo tó wà létí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ hàn yín. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i...”

Ó na apá sí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Ẹ̀yìn ẹ̀wù náà là láti ọrùn dé ìdí. Apá kan jábọ́. Ó fẹ́ gbá a mú, ìyẹn ló mú kí apá kejì náà bọ́, iwájú sì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ tó ṣì wà ní dídè. Bàbá arúgbó dúró níwájú ìlú, kò sí síńgílẹ́ẹ̀tì, egungun ìhà rẹ̀ ń hàn.

Ẹ̀rín tó ta níbẹ̀, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ẹnìkan kígbe láti fèrèsé pé, “Kòsáyè, àyè ti wà o!” Kò sẹ́ni tó lè dákẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Agbẹnusọ iléeṣẹ́ fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Alága lu tábìlì títí, ó ní ìgbìmọ̀ ìjọba kì í gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tó wà níhòòhò, kí bàbá lọ múra kí ó tó padà wá. Tíṣà sáré lọ yá kóòtù. Kí ó tó dé, Kòsáyè ti gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì ń lọ sílé lójú títì, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e. Kò padà. Alága wo aago, ó béèrè bóyá wọ́n ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Wọn kò ní.

Ìyá Tíṣà ti jáde tẹ̀ lé e. Ó rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀, ó rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ bo àyà nígbà tó kan àwọn obìnrin. N kò ní purọ́ fún yín pé àánú rẹ̀ ṣe é. Ó dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn títí dé eegun, ó sì dúró síbẹ̀ títí tí ọkùnrin náà fi yà sí àdúgbò rẹ̀.

Nígbà tó délé, Tíṣà jókòó sídìí máṣìnnì ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú òwú funfun kan ní ọwọ́. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ló ti ṣà á.

“Màámi, tákì ni.”

“Tákì ni.”

Ìyá sọ ìtàn náà fún un nígbà náà, láti orí garawa oyin dé orí ibà. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì tọrọ àforíjì. Tíṣà gbọ́ ọ tán. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá fúnra òun gún bàbá náà ní píìnì, lẹ́yìn ìpàdé. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n òun nìkan la ní, Màámi. Ẹ mọ̀ pé òun nìkan la ní.” Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ ń gbé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nítòsí iléèwé. Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó ṣì ń kí i bí wọ́n bá pàdé, kíkí tí oníbàárà ń kí télọ̀.

Kò pẹ́ tí rédíò fi sọ ọ́ pé ìjọba ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn tó takò ó kò rí ẹ̀rí kankan mú wá. Ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í gba òpópónà náà kọjá lọ sí igbó pẹ̀lú irin gbọọrọ gbọọrọ lẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá ń kọjá, ṣọ́ọ̀bù á máa gbọ̀n, abẹ́rẹ́ máṣìnnì á sì fo ojú rírán. Ìyá Tíṣà á dúró kí ó kọjá, á tú ibẹ̀, á tún un rán. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí òun fẹ́ ti tẹ òun lọ́wọ́, pé ẹni tó bá gbẹ̀san baba rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ní ọ̀sán kan, Kòsáyè wọlé. Ẹ̀wù bàǹtàbàǹtà kan ló wọ̀. Kò jókòó.

“Mo mọ̀ yín láti ọjọ́ tí mo wọ ibí,” ni ó wí. “Ojú Olóyin gan-an lẹ gbé. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ló ń ránṣọ níbí. Ìdí tí mo fi ní kí Tíṣà mú mi wá nìyẹn, tí mo dẹ̀ fi ní kí ẹ wá sípàdé.”

“Ẹ mọ̀ mí, ẹ wá dákẹ́?”

“Ojú gbogbo ìlú ni mo ti ṣe é. Mo ní ojú gbogbo ìlú ló yẹ kí n ti tú u.”

Ìyá Tíṣà gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ tó ń rán. Ó béèrè pé kí ló fẹ́ tú. Bàbá náà wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní Olóyin ló kọ́kọ́ rí epo lórí odò. Ó rí oyin tó kú jọ sí bèbè omi, ó sì tọ òun wá ní ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ mọ̀ pé òun Kòsáyè lè mú un, nítorí ó ní omi tí gbogbo ìlú ń mu ni. Òun náà gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá òun. Wọ́n ní kí òun pa ọkùnrin náà lẹ́nu mọ́, bí òun bá fẹ́ràn iṣẹ́ òun. Olóyin ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri nígbà náà. Òun wá rò ó pé kò sí òfin tí a fi ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti di olè, kò sẹ́ni tó ń gba olè gbọ́.

“Ìyẹn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí mi,” ni Kòsáyè wí. “Pé Olóyin ló kọ́kọ́ rí i. Pé òótọ́ ló sọ, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀wù yẹn...” Kò parí rẹ̀.

Ìyá Tíṣà dìde, ó tún jókòó. Ó rò ó kí òun gbá a létí. Ó rò ó kí òun fi sísọ́ọ̀sì gún un. Orúkọ baba rẹ̀ ti dé orí ahọ́n ọkùnrin yìí lójú gbogbo ayé, òun Ìyá Tíṣà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ já a lulẹ̀, òwú kan báyìí, òwú kan báyìí. Ó wá ẹni tí òun lè gbẹ̀san lára rẹ̀, kò rí ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù ju arúgbó kan àti ara rẹ̀ lọ. Ó dùn ún ju ọjọ́ tí wọ́n sin Olóyin lọ.

“Mi ò forí jì yín o,” ni ó wí.

“Mi ò tọrọ ẹ̀.”

“Ẹ lọ sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀.”

“Mo lọ. Mo lọ sí ilé rédíò náà. Bí mo bá ti lanu, wọ́n á ní ẹ̀wù mi dà. Ẹnìkan ò jẹ́ kí n dé àárín ọ̀rọ̀ rí.”

Ìyá Tíṣà lọ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, apá méjèèjì, débi tó fi kan ògiri. Ó fa Kòsáyè ní apá wá sí ẹnu ọ̀nà, ó dojú rẹ̀ kọ òpópónà.

“Ẹ sọ ọ́ níbí. Bí ẹ ṣe fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ na apá yín.”

Bàbá náà na apá. Ó ní Olóyin ló kọ́kọ́ rí i, òótọ́ ló sọ, kì í ṣe olè, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Àwọn méjì tó ń kọjá bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá pẹ̀lú irin rẹ̀.

“Ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ti ń há. Ọmọdé kan ní ẹ̀gbẹ́ kejì títì ń pè é ní Ẹ̀wù-ya. Ìyá Tíṣà padà sídìí máṣìnnì, ó jókòó, ó gbé ojú sí ẹ̀yìn ọkùnrin náà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ tún un sọ, Bàbá. Ẹ má dákẹ́.”